Dọ́ọ̀tì Méjì, Síláàṣì Kan: Bí A Ṣe Ń Dí Ihò Path Traversal Lórí Sáfà

Ẹgbẹ́ aláfọwọ́sowọ́pọ̀ kan níbí ní Ẹ̀pẹ́ ló kọ́kọ́ fi owó gidi lé mi lọ́wọ́ pé kí n kọ ìkànnì fún àwọn. Àwọn ìyá tó ń ta ẹja lọ́jà Olúwo ló pọ̀ jù nínú wọn. Ìyá tó bí mi náà wà níbẹ̀. Ohun tí wọ́n fẹ́ kò le rárá: kí ẹni tó bá dáwó lè rí rísíìtì rẹ̀ lórí fóònù, kó má ṣe máa wá akọ̀wé kiri láti ìdí ẹja dé mọ́ṣáláṣí. Ọjọ́ mẹ́rin ni mo fi kọ ọ́. Ó ṣiṣẹ́, wọ́n ṣàdúrà fún mi, wọ́n sì sanwó tán, èyí tí kì í ṣe àṣà gbogbo oníbàárà. Ihò tó wà nínú iṣẹ́ náà, n kò rí i. Bí àwọ̀n ṣe ń ya lábẹ́ omi nìyẹn, ìgbà tí ẹja bá ti lọ tán ni apẹja máa ń mọ̀.

Ọmọ ìkọ́ṣẹ́ mi ló rí i. Ọmọ ọdún méjìdínlógún ni nígbà yẹn, kò sì sí ohun tí kì í tọ pinpin. Lọ́sàn-án ọjọ́ Sátidé kan, wọ́n ti múná lọ, inverter la fi ń pọ́n ara wa lé, ó pè mí láti ẹ̀yìn káńtà:

“Àǹtí, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bínú sí ọ̀rọ̀ tí mo fẹ́ sọ o. Orúkọ fáìlì tó wà nídìí línkì rísíìtì yìí, ṣé èèyàn lè fọwọ́ ara rẹ̀ yí i?”

Mo ní kó yí i kí n rí i. Báyìí ni línkì náà rí tẹ́lẹ̀:

```
gba.php?faili=risiti-0412.pdf
```

Ó pa ìdí rẹ̀ rẹ́, ó kọ èyí sí i:

```
gba.php?faili=../eto/asopo.php
```

Kọ̀ǹpútà ní PDF tó wọlé ti bàjẹ́. Inú mi kọ́kọ́ dùn. Ó wá fi Notepad ṣí ohun tó wọlé náà, la bá rí i pé kò sí PDF kankan ńbẹ̀: kóòdù mi ni, pẹ̀lú orúkọ dátábéèsì ẹgbẹ́ àti páásíwọ̀ọ̀dù rẹ̀, kedere, kò fi aṣọ bora. Mo jókòó.

Ohun tí mo kọ́ láti ọjọ́ náà ni mo fẹ́ kọ síbí fún ẹ̀yin tí ẹ ń kọ ìkànnì fún ilé ẹ̀kọ́, ṣọ́ọ̀ṣì, mọ́ṣáláṣí àti ẹgbẹ́, tí kò sí ọ̀gá kankan lókè yín tí yóò yẹ iṣẹ́ yín wò. Ẹ̀ẹ̀mẹta ni mo dí ihò yìí kó tó dí. N kò ní fo ibi tí mo ti ṣìṣe.

Àlejò tó padà sí àgbàlá

Nínú gbogbo fódà tó wà lórí kọ̀ǹpútà, orúkọ kan wà tí ẹnikẹ́ni nínú wa kò kọ síbẹ̀: dọ́ọ̀tì méjì, `..`. Ìtumọ̀ rẹ̀ ni “fódà tó bí mi”. Ẹni tó bá ti tẹ `cd ..` rí ti lò ó. Kì í ṣe àléébù. Láti ayé Unix ló ti wà, iṣẹ́ wa kò sì ní rọrùn láìsí i.

Agboolé tí wọ́n ti tọ́ mi dàgbà ní Àyétòrò, ẹnu ọ̀nà kan ló ní. Àlejò tó bá wá kí bàbá àgbà, ọ̀dẹ̀dẹ̀ ni wọ́n máa ń gbé àga fún un sí. Ṣùgbọ́n bó bá dìde ní ọ̀dẹ̀dẹ̀, tó padà sí àgbàlá, ojú àgbàlá ni ilẹ̀kùn gbogbo yàrá kọ sí: ti ìyálé, ti ìyàwó, àti yàrá kékeré tí wọ́n ń kó àpò gàrí sí. Kò já ilẹ̀kùn, kò gun ògiri. Ó padà sẹ́yìn lẹ́ẹ̀kan ni, ó sì yà síbòmíràn. Path traversal tí àwọn oníkọ̀ǹpútà ń sọ kò jù báyẹn lọ.

Èmi ni mo gbà á láyè. Ohun tí àlejò bá ti wí ni mo lẹ̀ mọ́ àdírẹ́sì, tí mo sì ní kí sáfà, ìyẹn kọ̀ǹpútà tó ń gbé ìkànnì náà, máa lọ:

```php
$faili = $_GET['faili'];
readfile('/srv/egbe/risiti/' . $faili);
```

Bí àlejò bá ní `risiti-0412.pdf`, sáfà á ṣí `/srv/egbe/risiti/risiti-0412.pdf`, a sì ti parí. Bó bá ní `../eto/asopo.php`, ó di `/srv/egbe/risiti/../eto/asopo.php`. Sáfà wọ risiti, ó padà jáde sí egbe, ó wọ eto. Iṣẹ́ tí a rán an ló jẹ́.

Àpẹẹrẹ tí ẹ óò máa rí káàkiri ni `../../../../etc/passwd`. Ẹ má jẹ́ kó já yín láyà sódì. Lórí Linux òde òní, páásíwọ̀ọ̀dù kò sí nínú fáìlì yẹn mọ́, `/etc/shadow` ni wọ́n kó o lọ. Orúkọ àtijọ́ ló kàn ṣẹ́kù. Olè fi ń dán ọ̀nà wò ni, nítorí gbogbo Linux ló ní in, ẹnikẹ́ni ló sì lè kà á. Bó bá ti rí i, ó mọ̀ pé ọ̀nà là. Ohun tó wá ṣe gan-an ni `.env`, fáìlì tí ẹ fi so dátábéèsì mọ́ ìkànnì, àti kọ́kọ́rọ́ SSH tí ẹ fi ń wọ sáfà láti òkèèrè. Ẹ óò sì rí i pé wọ́n máa ń to `../` jọ bí ìlẹ̀kẹ̀ ìdí, wọn kì í kà á. Kò pọn dandan kí wọ́n kà á: ẹni tó bá ti dé gbòǹgbò kọ̀ǹpútà, ìyẹn `/`, bó padà sẹ́yìn nígbà ogún, ibẹ̀ náà ni yóò dúró sí.

Ẹ̀ẹ̀mẹta tí mo dí i

Ohun tó kọ́kọ́ sọ sí mi lọ́kàn ni kí n máa pa `../` rẹ́ kúrò nínú ohun tí àlejò bá wí:

```php
$faili = str_replace('../', '', $_GET['faili']);
```

Ọmọkùnrin yẹn wò ó, ó rẹ́rìn-ín músẹ́, ó tẹ `....//eto/asopo.php`. PHP, èdè tí mo fi kọ ìkànnì náà, wá `../` kiri, ó rí ọ̀kan láàárín, ó yọ ọ́ dànù; àwọn tó ṣẹ́kù sún mọ́ra wọn, wọ́n tún di `../`. Èmi gan-an ni mo bá olè tún ọ̀nà rẹ̀ ṣe.

Ká tilẹ̀ ní mo ń yọ ọ́ títí tí kò fi sí mọ́, ọ̀rọ̀ kan náà ní ọ̀pọ̀ aṣọ. Sáfà Windows ka `\` sí síláàṣì. Nínú àdírẹ́sì íntánẹ́ẹ̀tì, `%2e` ni dọ́ọ̀tì, `%2f` ni síláàṣì, `%5c` ni síláàṣì tó fẹ̀yìn tì. Bí ibì kan nínú ètò yín bá sì tún tú u lẹ́ẹ̀kejì, `%252e` náà á di dọ́ọ̀tì, torí pé `%25` ni àmì `%` fúnra rẹ̀. Ẹni tó bá ní òun fẹ́ ka gbogbo aṣọ tí dọ́ọ̀tì lè wọ̀, ilẹ̀ á ṣú bá a.

Ilẹ̀ ti ṣú bá àwọn tó jù wá lọ. Ní oṣù kẹwàá ọdún 2000, Microsoft fi ìkéde MS00-078 síta nípa sáfà IIS 4.0 àti 5.0. Sáfà náà máa ń yẹ àdírẹ́sì wò bóyá `../` wà níbẹ̀, ṣùgbọ́n kò tíì tú àwọn lẹ́tà rẹ̀ tán nígbà tó ń yẹ̀ ẹ́ wò. Ẹni tó bá kọ síláàṣì ní ọ̀nà tó gùn ju bó ṣe yẹ lọ, `%c0%af`, á kọjá lójú ẹ̀ṣọ́, ẹ̀yìn ẹ̀ṣọ́ ni yóò ti wá di síláàṣì. Ní oṣù kẹsàn-án ọdún 2001, nígbà tí kòkòrò kọ̀ǹpútà tí wọ́n ń pè ní Nimda jáde, ihò yìí wà lára àwọn ọ̀nà tó ń gbà wọlé.

Ti Apache ni mo fẹ́ràn jù láti máa sọ fún àwọn ọmọ ìkọ́ṣẹ́. Ní 2021, Apache HTTP Server 2.4.49 yí bó ṣe ń tún àdírẹ́sì tò padà. Kóòdù tuntun náà mọ `../` dáadáa, ṣùgbọ́n kò dá `.%2e/` mọ̀: dọ́ọ̀tì àkọ́kọ́ wà ní gbangba, èkejì wà nínú aṣọ. Wọ́n sọ ihò náà ní CVE-2021-41773 (CVE ni nọ́ńbà tí wọ́n fi ń forúkọ ihò sílẹ̀ káríayé), wọ́n sì gbé 2.4.50 jáde ní ọjọ́ 4 oṣù kẹwàá. Kò tó. Ẹni tó bá wọ aṣọ méjì léra ṣì ń kọjá: `%%32%65`. Ẹ tú u wò, `%32` ni 2, `%65` ni e, ohun tó bá kù ni `%2e`, ìyẹn náà sì ni dọ́ọ̀tì. CVE-2021-42013 nìyẹn, ọjọ́ 7 oṣù kan náà ni 2.4.51 tó dí i jáde. Nígbà tí mo kà á, ara tù mí díẹ̀.

Ohun kan wà nínú ìtàn Apache yẹn tó wúlò lónìí. Sáfà tí wọ́n ti kọ ìlà yìí sí fún gbòǹgbò kò fún olè ní fáìlì tó wà lẹ́yìn odi, bó tilẹ̀ jẹ́ pé 2.4.49 náà ló ń lò:

```
<Directory "/">
    AllowOverride none
    Require all denied
</Directory>
```

Níbi tí kò sí ìlà yìí, tí wọ́n sì tan CGI, èyí tó ń jẹ́ kí sáfà máa ṣiṣẹ́ ètò fún àlejò, sílẹ̀, kíkà fáìlì nìkan kọ́, olè lè máa pàṣẹ fún sáfà. Ẹ lọ wo tiyín nísinsìnyí kí ẹ tó ka ìyókù. Bí ẹ bá wà lórí Ubuntu, `apache2 -v` ni yóò sọ iye tí Apache yín jẹ́. Níbòmíràn, `httpd -v`.

Ìgbà kejì, mo ti gbọ́n díẹ̀. Mo fi ọ̀rọ̀ ẹnu àlejò sílẹ̀, mo ní kí PHP rìn ín délẹ̀, kó wá sọ ibi tí ẹsẹ̀ rẹ̀ dé fún mi. Iṣẹ́ `realpath` nìyẹn: ó ń tú gbogbo `..`, ó ń tẹ̀ lé symlink (orúkọ tó kàn ń tọ́ka sí fáìlì mìíràn) dé ìdí, ó sì ń dá àdírẹ́sì tòótọ́ padà, tàbí kó ní `false` bí fáìlì náà kò bá sí. Kò sí aṣọ tí dọ́ọ̀tì lè wọ̀ tí yóò bo ibi tí a dé mọ́lẹ̀. Lẹ́yìn náà, mo bèèrè bóyá àdírẹ́sì tó dá padà bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú `/srv/egbe/risiti`.

Èrò náà dára. Ọwọ́ mi ni kò mọ́. Fódà mìíràn wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ tó ń jẹ́ `risiti-atijo`, níbi tí mo kó àwọn ìwé àtijọ́ tí akọ̀wé ya àwòrán wọn sí, pẹ̀lú nọ́ńbà àkáǹtì báǹkì àwọn ìyá wa. Ọmọ náà tẹ `../risiti-atijo/`, ó fi orúkọ fáìlì kan tì í, fáìlì náà wọlé wẹ́rẹ́. `/srv/egbe/risiti-atijo` bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú `/srv/egbe/risiti` lóòótọ́! Lẹ́tà ni mo fi wé lẹ́tà, n kò fi ilé wé ilé. Ó dà bí ìgbà tí a ní kí ará ilé Adé nìkan wọlé, tí Adébáyọ̀ láti òdìkejì títì náà bá wọn wọlé, torí pé Adé ló bẹ̀rẹ̀ orúkọ rẹ̀.

Síláàṣì kan ṣoṣo ló kù. Ìgbà kẹta nìyí:

```php
<?php
$ile = realpath('/srv/egbe/risiti');
$ona = realpath($ile . '/' . ($_GET['faili'] ?? ''));

if ($ona === false
    || !str_starts_with($ona, $ile . '/')
    || !is_file($ona)) {
    http_response_code(404);
    exit;
}

header('Content-Type: application/pdf');
readfile($ona);
```

Ẹ wo `$ile . '/'` yẹn dáadáa, òun ló ń yà Adé sọ́tọ̀ kúrò lára Adébáyọ̀. `str_starts_with` wà láti PHP 8. Ẹni tó bá ṣì wà lórí 7 lè lo `strncmp`, ṣùgbọ́n ó ní ọ̀rọ̀ mìíràn tó yẹ kó lọ bá ara rẹ̀ sọ. Fáìlì tí mo ṣí ni `$ona`, ìyẹn ibi tí mo yẹ̀ wò gan-an. Mo ti rí iṣẹ́ ẹnìkan tó yẹ `$ona` wò tinútinú, tó wá padà lọ fi `$_GET['faili']` ṣí fáìlì. Kí ló ń yẹ̀ wò nígbà náà? Ìdáhùn mi sì jẹ́ 404, ìyẹn “kò sí”, ní gbogbo ọ̀nà, bí fáìlì náà kò bá sí àti bó bá wà níbi tí kò tọ́ sí àlejò. Bí mo bá ní “o kò gbọdọ̀ wo èyí”, mo ti sọ fún un pé ó wà.

Àwọn tí kì í lo PHP, ọgbọ́n kan náà ni. Python ní ìdẹkùn tirẹ̀ tó ti mú ọ̀pọ̀: `os.path.join('/srv/egbe/risiti', '/etc/passwd')` kì í so wọ́n pọ̀ o, ó máa ń da ti àkọ́kọ́ nù ni, `/etc/passwd` ni yóò fún yín, láìsí dọ́ọ̀tì kankan. Ẹ lo `Path.resolve()`, kí ẹ sì fi `is_relative_to()` yẹ̀ ẹ́ wò; ó wà láti Python 3.9. Ẹni tó ń lo Flask kò tilẹ̀ nílò wàhálà yẹn, `send_from_directory` ti ṣe é. Lórí Node, `path.resolve`, kí ẹ wá fi `path.sep` kún ìdí fódà yín kí ẹ tó fi wéra. Àwọn oní-Go ló gbádùn jù: láti Go 1.24 tó jáde ní 2025, `os.Root` wà, ẹ ó ṣí fódà kan, ohunkóhun tó bá fẹ́ jáde kúrò nínú rẹ̀, Go fúnra rẹ̀ ni yóò dá a dúró.

Èyí tó sàn ju gbogbo rẹ̀ lọ

Lẹ́yìn gbogbo làálàá yìí ni mo wá bi ara mi ní ohun tó yẹ kí n ti bi í lọ́jọ́ kìíní: kí ni mo fẹ́ fi orúkọ fáìlì ṣe lẹ́nu àlejò? Oníbàárà tó wá ra ẹja lọ́jà Olúwo kì í bọwọ́ sínú agbada olójà. Á nàka sí i, olójà ni yóò mú un fún un. Rísíìtì ní nọ́ńbà nínú dátábéèsì. Kí ó fún mi ní nọ́ńbà, èmi á lọ wá fáìlì rẹ̀:

```php
$nomba = (int) ($_GET['risiti'] ?? 0);
$q = $db->prepare(
  'SELECT faili FROM risiti WHERE id = ? AND omo_egbe = ?'
);
$q->execute([$nomba, $_SESSION['omo_egbe']]);
```

`(int)` sọ ohunkóhun tó bá kọ di nọ́ńbà, `../` kò lè di nọ́ńbà kankan tó já mọ́ nǹkan. `omo_egbe` tó wà níbẹ̀ tún dí ihò mìíràn tí n kò tíì sọ: kóòdù mi àkọ́kọ́, ẹni tó bá yí 0412 sí 0413, rísíìtì ẹlòmíràn ni yóò rí, láìlo dọ́ọ̀tì. Ìyẹn kì í ṣe path traversal, àmọ́ inú ilé kan náà ni wọ́n ń gbé. Mo ṣì fi àyẹ̀wò `realpath` sílẹ̀ lábẹ́ rẹ̀, nítorí èmi náà lè kọ orúkọ tí kò dára sínú dátábéèsì lọ́jọ́ tí orí bá ń fọ́ mi.

Ihò tí kò sí nínú kóòdù yín

Ẹ lè kọ kóòdù tó mọ́ bí omi, kí nginx, sáfà ìkànnì mìíràn bíi Apache, tú yín fó. Ẹ wo èyí, kí ẹ sì sọ ohun tó burú níbẹ̀:

```
location /aworan {
    alias /srv/egbe/aworan/;
}
```

Ó pẹ́ kí n tó rí i. `/aworan` kò ní síláàṣì ní ìparí, `alias` ní in. Ẹni tó bá bèèrè `/aworan../eto/asopo.php`, nginx á yọ `/aworan` kúrò, á fi `/srv/egbe/aworan/` rọ́pò rẹ̀, ohun tó kù ni `../eto/asopo.php`. Ẹ so wọ́n pọ̀. Àgbàlá la tún padà sí yẹn. Ìwòsàn rẹ̀ kò ju lẹ́tà kan lọ: `location /aworan/`. Ẹ yẹ gbogbo `alias` tó wà nínú nginx yín wò, lọ́kọ̀ọ̀kan. Mo rí méjì nínú tèmi, ọ̀kan nínú wọn jẹ́ èyí tí mo kọ́ lára fídíò.

Kíkà nìkan kọ́ ni, kíkọ náà wà. Ẹni tó bá ń gba fáìlì zip lọ́wọ́ èèyàn, kí ó mọ̀ pé orúkọ tó wà nínú zip lè jẹ́ `../../gbangba/a.php`. Bí ẹ bá fọwọ́ ara yín kọ kóòdù tó ń tú u láìyẹ orúkọ wò, ẹ ti bá olè gbé fáìlì rẹ̀ sí ibi tó wù ú. Ní 2018, ilé iṣẹ́ Snyk sọ èyí ní Zip Slip, torí pé wọ́n bá a nínú ọ̀pọ̀ ètò. Fún tar, àpò fáìlì mìíràn bíi zip, lórí Python, ẹ fi `filter='data'` sí `extractall`; láti 3.14 ó ti di bó ṣe ń ṣe é fúnra rẹ̀. Fáìlì tí èèyàn bá fi ránṣẹ́ sí yín, ẹ sọ ọ́ lórúkọ fúnra yín, ẹ má lo orúkọ tó gbé wá. Ọmọ tí a bá bí sílé wa, àwa là ń sọ ọ́ lórúkọ.

Yàrà tó yí ìlú ká

Ẹni tó bá ti gba ọ̀nà Ẹ̀pẹ́ lọ sí Ìjẹ̀bú-Òde ti kọjá nítòsí Erédò Sùngbọ́, yàrà jíjìn àti òkìtì amọ̀ tí àwọn baba ńlá wa gbẹ́, gígùn rẹ̀ ju 160 kìlómítà lọ. Wọ́n gbẹ́ yàrà, síbẹ̀ ilé inú ìlú ní ilẹ̀kùn. Sáfà náà nílò méjèèjì.

Ilẹ̀kùn ni kóòdù tí a ti kọ lókè. Yàrà ni pé kí ètò tó ń sin àlejò má lè rí ohun tí kò kàn án. Kí ó má ṣe jẹ́ root, ọ̀gá tó ní àṣẹ lórí ohun gbogbo nínú kọ̀ǹpútà, ló ń gbé e rìn. Lórí Linux tó ní systemd, ẹ lè fi ìlà méjì yìí kún iṣẹ́ sáfà yín:

```
[Service]
ProtectHome=yes
ProtectSystem=strict
```

Èkíní gbé `/home` àti `/root` kúrò lójú rẹ̀, kọ́kọ́rọ́ SSH yín wà níbẹ̀. Èkejì kò jẹ́ kó kọ nǹkan sí ibì kankan àfi ibi tí ẹ bá yọ̀ǹda pẹ̀lú `ReadWritePaths=`. Ẹ ṣe é ní ọ̀sán, ẹ dán an wò, kí fódà tí ètò yín ń kọ lọ́ọ̀gì sí má bàa há, kí wọ́n wá máa pè yín láago ní ààjìn.

Ohun kan tí àwọn ìtọ́sọ́nà mìíràn kì í sọ ni pé yàrà yìí kò lè pa `asopo.php` mọ́ fún yín. PHP gbọ́dọ̀ kà á kó tó lè dé dátábéèsì. Ohun tí PHP lè kà, PHP tí wọ́n tàn jẹ lè kà á pẹ̀lú. Ohun tó yọ èmi nínú ewu ni pé MySQL mi kò gbọ́ ti ẹnikẹ́ni àfi ẹni tó wà lórí kọ̀ǹpútà náà gan-an, `bind-address = 127.0.0.1`. Ẹni tó wà níta tó mú páásíwọ̀ọ̀dù náà dání kò rí ilẹ̀kùn tí yóò fi ṣí. N kò fi ọgbọ́n ṣe é o. Bó ṣe wà nígbà tí mo gbé e sórí kọ̀ǹpútà ni mo fi sílẹ̀.

Bí ẹ óò ṣe dán tiyín wò

Lórí sáfà tiyín nìkan. Wíwọ kọ̀ǹpútà ẹni ẹlẹ́ni láìgbàyè wà lára ohun tí Òfin ìwà ọ̀daràn orí kọ̀ǹpútà ti Nàìjíríà, ti ọdún 2015, ń bá wí. Mo ti sọ ọ́ fún ọmọ náà títí ó fi sú u.

Ẹ má fi bíráwúsà dán an wò, torí pé bíráwúsà máa ń tún `../` tó bá wà ṣáájú àmì `?` tò fúnra rẹ̀ kó tó fi ránṣẹ́, ẹ óò wá rò pé sáfà ló gbọ́n. `curl` náà ń ṣe bẹ́ẹ̀, àfi bí ẹ bá ní kó má ṣe é:

```
curl --path-as-is 'http://localhost/../../../../etc/passwd'
curl --path-as-is 'http://localhost/.%2e/.%2e/.%2e/etc/passwd'
curl --path-as-is 'http://localhost/aworan../eto/asopo.php'
curl 'http://localhost/gba.php?faili=....//eto/asopo.php'
curl 'http://localhost/gba.php?faili=../risiti-atijo/'
```

400 tàbí 404 ni ẹ fẹ́ rí. Fún ìlà tó kẹ́yìn, ẹ fi orúkọ fáìlì gidi kan tì í, kó má jẹ́ pé 404 tí ẹ rí kò ju pé fáìlì náà kò sí rárá. Ibẹ̀ ni mo ti tan ara mi jẹ lẹ́ẹ̀kan.

Kí ẹ wá wo ẹni tó ti wá ṣáájú yín:

```
grep -Ei '\.\.|%2e|%5c|%25' /var/log/nginx/access.log
```

Ẹ máa wo iye tó tẹ̀ lé ìbéèrè kọ̀ọ̀kan. 404, wọ́n kàn ilẹ̀kùn, wọ́n sì lọ. Bí ẹ bá rí 200, ìyẹn “ó wà, gbà á”, tí iye báìtì tó jáde sì dọ́gba pẹ̀lú fáìlì àṣírí yín, ẹ ti ní iṣẹ́ lálẹ́ yẹn: ẹ pààrọ̀ gbogbo páásíwọ̀ọ̀dù tó wà nínú fáìlì náà kí ẹ tó dí ihò, ẹ tún pààrọ̀ wọn lẹ́yìn tí ẹ bá dí i tán. Bí ohun tó jáde bá jẹ́ orúkọ, fóònù tàbí àkáǹtì àwọn èèyàn, tó sì lè kó wọn sí ewu, òfin ìdáàbòbò dátà ọdún 2023 fún ẹni tó ni ìkànnì ní wákàtí 72 láti jẹ́ kí àjọ tó ń mójú tó o gbọ́.

Nínú lọ́ọ̀gì tèmi, ìlà mọ́kànlá ni a rí yàtọ̀ sí tiwa, gbogbo wọn 404. Wọ́n ń wá `.env`, èmi kò sì ní `.env`. Mo pààrọ̀ páásíwọ̀ọ̀dù síbẹ̀. Lọ́jọ́ Ajé mo lọ bá alága ẹgbẹ́ ní ìdí ẹja, mo kúnlẹ̀, mo sì ṣàlàyé gbogbo rẹ̀, àlejò àti àgbàlá. Wọ́n gbọ́ ọ yé ju bí mo ṣe rò lọ. Ìbéèrè kan ni wọ́n bi mí, “Owó wa ńkọ́?” Mo ní owó wà ní báǹkì, kò sí lórí ìkànnì. Wọ́n ní ó dáa, wọ́n bèèrè ọmọ tó rí ihò náà, wọ́n sì di ẹja àrọ̀ gbígbẹ márùn-ún sínú láílọ́ọ̀nù pé kí n mú un fún un.

Èmi, wọ́n ní kí n wá sọ ọ́ lójú gbogbo ọmọ ẹgbẹ́ ní ìpàdé Sátidé.